Ṣé "Blue J" ni àbí "Blue Jay"? Ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ ẹyẹ yìí

ÌyáDámọ́lá (Maryland):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni mo gbé wá lónìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún Dámọ́lá, ọmọ ọdún 8, ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí oníkálukú mú ẹyẹ kan tó ń wá sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kó yà á, kó kọ orúkọ rẹ̀, kó sọ ìtumọ̀ orúkọ náà, kó sì sọ ohun tí wọ́n ń pè é ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Ẹyẹ kan wà níbí tí kì í jẹ́ ká sùn bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Àwọ̀ aró ni lẹ́yìn, ikùn rẹ̀ funfun, ìyẹ́ orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó bí ẹni dé fìlà gọ̀bì, ó sì dà bíi pé ó so ìlẹ̀kẹ̀ dúdú mọ́rùn. Òun ni ọmọ mú.

Ó yà á dáadáa sórí kádíbọ́ọ̀dù. Ó wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sókè: BLUE J. Mo ní kò jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ lọ́rùn sílẹ̀, pé ṣebí bí a ṣe ń pè é náà nìyẹn. Ọmọ ní ọ̀rẹ́ òun kan sọ pé "Jersey" ni J yẹn dúró fún. Mi ò mọ èyí tí mo fẹ́ gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́? Kí ló túmọ̀ sí? Kí ni Yorùbá ń pè é? Bàbá rẹ̀ ní agbe ni. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa gbé e lọ. Ó tiẹ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ́ ẹyẹ náà kan tó ṣà lábẹ́ igi mọ́ ọn, ó rẹwà gan-an.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì (Abẹ́òkúta):

Ìyá Dámọ́lá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. "Blue Jay" ni. J, a, y. Ẹ jẹ́ kó pa J kan ṣoṣo yẹn rẹ́ kí tíṣà tó fi bírò pupa yí i ká.

Orúkọ ẹyẹ náà ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú lẹ́tà kankan, kì í sì í ṣe ìkékúrú. Jay ni orúkọ ẹyẹ, "blue" ni àwọ̀ tí wọ́n fi mọ èyí yàtọ̀ sí àwọn jay yòókù. Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ lẹ́tà J lẹ́nu náà ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹyẹ yìí. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè mìíràn tiẹ̀ máa ń kọ orúkọ lẹ́tà náà ní "jay".

Ẹ wá gbọ́ èyí tí mo fi ń pa àwọn ọmọ kíláàsì mi lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo ṣì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Láyé àtijọ́, J ò dá dúró nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì. Abẹ́ I ló wà, àfi ìgbà tó di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń pe ẹyẹ yìí lórúkọ rẹ̀, "iay" làwọn mìíràn ń kọ. Ẹyẹ ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kí lẹ́tà tó gba ìjókòó tirẹ̀. Ta ló wá sọ ta lórúkọ?

Tí wọ́n bá pọ̀, "Blue Jays". Kò sí "jaies". Bí lẹ́tà tó ṣáájú y bá jẹ́ fáwẹ̀lì, s nìkan la ń fi kún un, bíi "days". Kí ọmọ má sì fi àmì kékeré òkè yẹn sáàárín y àti s. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹyẹ ló ni nǹkan kan.

Káyọ̀dé_Omaha:

Bàbá, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ gbà mí láàyè kí n da omi díẹ̀ sí i. Nílùú tiwa níbí, Nebraska, yunifásítì Creighton ń kọ ti ẹgbẹ́ eléré ìdárayá wọn pọ̀ mọ́ra ni: Bluejays. Ọ̀rọ̀ kan. Ó wà lára fìlà mi báyìí bí mo ṣe ń tẹ̀wé yìí.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Kò burú, ọmọ mi. Àwọn ìwé atúmọ̀ èdè gba "bluejay" bíi sípẹ́lì kejì. Orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹni tó sọ ọ́, bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́ la ṣe ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹyẹ tó bà sórí igi, ọ̀rọ̀ méjì ni kí ẹ yà á sí.

BàbáÌbejì_Baltimore:

Ti Johns Hopkins níbí, méjì ni: Blue Jays. Ti Toronto tó ń gbá baseball náà, méjì ni. Àwọn Toronto yìí bẹ̀rẹ̀ eré ní 1977, wọ́n gba World Series ní 1992, wọ́n tún gbà á ní 1993. "Jays" lásán làwọn olólùfẹ́ wọn ń pè wọ́n, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ọmọ ti gbọ́ ọ. Tí dádì Dámọ́lá bá ń wo baseball, kó wo ara aṣọ wọn dáadáa.

Ti lẹ́tà ńlá àti kékeré ńkọ́? Mo rí i ní ọ̀nà méjèèjì.

Ọlọ́sìnẸyẹ (Ìbàdàn):

Méjèèjì ló tọ̀nà, ibi tí èèyàn ti ń kọ ọ́ ló yàtọ̀. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ẹyẹ máa ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, Blue Jay, kí ó lè yé gbogbo ayé pé irú ẹyẹ kan pàtó là ń sọ, pé kì í ṣe jay èyíkéyìí tó ní búlúù lára. Àwọn oníwèé ìròyìn ń kọ ọ́ ní "blue jay". Fún ọmọ ọdún 8 tó ń kọ àkọlé, lẹ́tà ńlá ló bójú mu.

Mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ agbe yẹn o. Ẹ má tíì kọ nǹkan kan.

ỌmọÈkìtì_Lọ́ńdọ̀nù:

Ẹ kú alẹ́ o. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà rò pé ẹ̀yin lẹ ni jay. Jay wà lọ́dọ̀ wa níbí kí ọkọ̀ ojú omi ẹnikẹ́ni tó dé ọ̀dọ̀ yín. Èyí tó ń wá sí ibi ìsìnkú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé wa, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí amọ̀ tó ń gbẹ ni lára rẹ̀. Búlúù tó ní ò ju abala kékeré kan lọ ní èjìká ìyẹ́ apá, tó ní ìlà dúdú wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ bí aṣọ òkè onílà. Ẹ lè gbé ọdún 10 níbí kí ẹ má rí abala yẹn bí kò bá fò níwájú yín.

Èmi rò pé ibẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ tí ọmọ ń wá wà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé etíkun Amẹ́ríkà, wọ́n rí ẹyẹ kan tó ń pariwo bíi jay ilé, tó ń jẹ èso igi óákù bíi jay ilé, àmọ́ tó jẹ́ pé láti orí dé ìrù ni búlúù. Kí lèèyàn á pè é? Wọ́n mú orúkọ ilé, wọ́n fi àwọ̀ lé e. Báwọn èèyàn wa náà ṣe ń ṣe nìyẹn tí wọ́n bá dé ibi tí nǹkan ibẹ̀ jọ ti ilé.

Ti "jay" fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ló ti wá. "Jai" ni wọ́n ń pè é láyé àtijọ́, "geai" ló dà báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn Quebec fi ń pe Blue Jay ní "geai bleu". Ẹ̀yìn Faransé ni Látìn wà, "gaius". Ibi tí àwọn onímọ̀ èdè ti pín sí méjì rèé. Àwọn kan ní orúkọ èèyàn ni, Gaius, orúkọ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Róòmù bí Àjàyí ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pé wọ́n kàn fi pe ẹyẹ náà ṣeré ni. Àwọn kan ní rárá o, ohùn ẹyẹ ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n sọ di orúkọ.

Àdùkẹ́_Àtílántà:

Orúkọ èèyàn kẹ̀? Ta ní máa sọ ẹyẹ ní Àjàyí?

ỌmọÈkìtì_Lọ́ńdọ̀nù:

Àǹtí mi, wọ́n ń ṣe é níbí dáadáa. "Robin", Robert ni wọ́n gé kúrú. "Magpie", Mag tó wà níwájú rẹ̀ yẹn, Margaret ni. "Jackdaw", ẹ̀yin náà ti mọ ẹni tó ń jẹ́ Jack. Nítorí náà Gaius ò ṣòro fún mi láti gbà.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Èmi ò sí níbẹ̀ o, ohùn ni mo gbà. Ṣé a ò ní kowéè ni? Ẹyẹ ké "kowéè", a sì pè é ní kowéè, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá Dámọ́lá, ẹ fetí sí ti ẹ̀yìnkùlé yín lárọ̀ ọ̀la, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún wa.

ÌyáDámọ́lá:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pọ̀ tó báyìí nínú lẹ́tà mẹ́ta. Ọmọ ti pa J rẹ́, àmọ́ rọ́bà ti fa kádíbọ́ọ̀dù ya díẹ̀, a fi pépà funfun lẹ̀ ẹ́. Ó ń bi mí léèrè pé ṣé òun lè kọ Gaius síbẹ̀. Mo ní kó ní sùúrù.

Ọlọ́sìnẸyẹ:

Mo ti dé. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ agbe. Mo mọ ohun tó fà á tí bàbá Dámọ́lá fi sọ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la kọ́ ọ pé agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Èèyàn bá rí ẹyẹ aláwọ̀ aró tó ní ìyẹ́ lórí, agbe ló máa wá sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹbí agbe àti àlùkò ò sí níbòmíràn láyé àfi ilẹ̀ Áfíríkà. Agbe kan ò fò dé Maryland rí.

Ẹbí kannakánná ni Blue Jay. Bẹ́ẹ̀ ni, kannakánná tiwa, aláṣọ dúdú tó fi funfun sáyà, tó ń jí nǹkan kiri orí ààtàn. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ tó le, ẹ wo ọgbọ́n àrékérekè rẹ̀, ẹ gbọ́ ariwo rẹ̀. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Swídìn tó kọ́kọ́ fún un lórúkọ sáyẹ́ǹsì ní 1758, àárín àwọn ẹyẹ kannakánná gan-an ló fi í sí: Corvus cristatus ló pè é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ ọ́ sí ojúlé tirẹ̀, Cyanocitta cristata ló ń jẹ́ báyìí. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló wà nínú Cyanocitta: aró ni ọ̀kan, jay ni èkejì. Cristata jẹ́ Látìn, ó túmọ̀ sí ẹni tó ní ìyẹ́ lórí. Ẹ rí i pé orúkọ sáyẹ́ǹsì ọ̀hún náà ò sọ ju ohun tí ọmọ ti yà sórí kádíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ. Ó lè kọ ìyẹn síbẹ̀.

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Ní 1741, ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Rọ́ṣíà tí Bering jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan ní Alaska. Onímọ̀ kan láti Jámánì wà nínú rẹ̀, Georg Steller. Àyè tí wọ́n fún un láti sọ̀kalẹ̀ ò ju wákàtí mélòó kan lọ. Wọ́n mú ẹyẹ aláró dúdú kan wá fún un, ó wò ó, ó rántí àwòrán ẹyẹ Carolina, ní Amẹ́ríkà, tó ti rí rí nínú ìwé Mark Catesby, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ya àwọn ẹyẹ ibẹ̀. Blue Jay ni ẹyẹ inú ìwé yẹn, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sì jọ ọ́ bí ọmọ ìyá. Ohun tó fi mọ̀ nìyẹn pé Amẹ́ríkà ni ẹsẹ̀ àwọn wà. Steller's Jay ni wọ́n ń pe ẹyẹ náà dòní. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni tirẹ̀ wà, tiyín wà ní ìlà-oòrùn àti àárín.

Àdùkẹ́_Àtílántà:

Ọlọ́sìn, ọwọ́ rẹ á mókè. Kannakánná ni! Abájọ tó fi jẹ́ olè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Georgia, aládùúgbò mi kan wà, ìyá àgbàlagbà, ọmọ aláwọ̀ dúdú ibí. Ọjọ́ Ẹtì kan, a jọ jókòó síwájú ilé, mo ní, "Mọ́mì, àwọn ẹyẹ búlúù yẹn ò pariwo lónìí." Màmá ní, "Kí ni wọ́n á wá ṣe níbí? Ọjọ́ Ẹtì kọ́ nìyí?" Ó ní jaybird kì í sí nílé lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀run àpáàdì ló ń lọ láti lọ kó igi ìdáná fún èṣù. Ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín rárá. Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé ìtàn àtayébáyé ni láàárín àwọn èèyàn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù Amẹ́ríkà, pé ọ̀pọ̀ ló gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìyá wọn. Ti Sátánì inú Bíbélì ni wọ́n ń sọ o, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi Èṣù Láàlú há a.

Ìyá Dámọ́lá, Ọjọ́ Ẹtì lẹ ní ọmọ máa gbé e lọ, àbí? Ó ti bára mu.

BàbáÌbejì_Baltimore:

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, méje ló wà lórí igi mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà mi. Bóyá wọ́n ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀.

Káyọ̀dé_Omaha:

Ṣé ibẹ̀ ni "jaywalking" ti wá? Mo gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí mo ti ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Ó kan ẹyẹ náà ní ẹ̀yìn ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà kan, "jay" jẹ́ èébú fún ará oko tó wá sí ìlú, tí ẹnu rẹ̀ ń pariwo tí orí rẹ̀ ò sì mọ nǹkan. Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, ẹni tó bá ń sọdá bí ará oko ni wọ́n ń pè ní "jaywalker". Nítorí náà, ará oko ni ọlọ́pàá pè ọ́ kó tó gba owó lọ́wọ́ rẹ. Má bínú.

Àmọ́ kí ọmọ má kó "popinjay" mọ́ ọn. Òun kì í ṣe ẹbí. Odídẹrẹ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ló ti gba ilẹ̀ Faransé wá. Etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìrù jay sí i.

BàbáÌbejì_Baltimore:

Ìyá Dámọ́lá, mo padà ka ọ̀rọ̀ yín ìbẹ̀rẹ̀, àyà mi já. Ṣé ẹ ní ó lẹ ìyẹ́ ẹyẹ náà mọ́ kádíbọ́ọ̀dù?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Amẹ́ríkà níbí láti 1918 tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ tó ń ṣí kiri, Blue Jay sì wà nínú wọn. Ẹyẹ o, ẹyin o, ìtẹ́ o, ìyẹ́ o, èèyàn ò gbọ́dọ̀ ní in nípamọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ì báà jẹ́ ilẹ̀ lẹ ti ṣà á. Ẹ máa rò pé kò mọ́gbọ́n dání. Ohun tó fà á ni pé nígbà náà, ìyẹ́ ẹyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ṣe fìlà lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn ẹyẹ mìíràn run nítorí ẹ̀. Òfin ò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pa ẹyẹ àti ẹni tó ṣa ìyẹ́, ló bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Kò sí ẹni tó máa wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú Dámọ́lá. Ṣùgbọ́n tíṣà tó mọ òfin lè sọ pé kó yọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ojú á ti ọmọ. Ọmọ àbúrò mi lójú ẹ̀ ti bẹ́ẹ̀.

ÌyáDámọ́lá:

Háà! Ìyẹ́ tó já bọ́ sílẹ̀? Mo ti ní kó yọ ọ́. Ó ń sunkún báyìí.

Ọlọ́sìnẸyẹ:

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó tíì jù ú nù. Ẹ ní kó pa ẹkún mọ́nu, kó wá ṣe nǹkan kan kó tó dá ìyẹ́ náà padà sábẹ́ igi.

Ẹ mú un lọ sẹ́bàá fèrèsé lọ́sàn-án. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa bọ́ lé e lórí, kó wò ó: aró ni. Lẹ́yìn náà, kó gbé e sókè kí fèrèsé wà lẹ́yìn ìyẹ́ náà, kí ìmọ́lẹ̀ máa gba inú rẹ̀ kọjá sí ojú rẹ̀. Kó wá sọ ohun tó rí fún yín. Mi ò ní sọ ọ́.

ÌyáDámọ́lá:

Ẹ̀yin èèyàn mi.

Aró náà lọ! Àwọ̀ igi gbígbẹ lásán ló kù, bí ewé tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ọmọ yí i padà, aró dé. Ó tún gbé e sókè, aró lọ. Ó ti ṣe é tó ìgbà 20, bàbá rẹ̀ náà ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣe é lójú ilé ìdáná. Kí ni èyí?

Ọlọ́sìnẸyẹ:

Kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ yẹn láti ilẹ̀ wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mẹ́lánììnì, àwọ̀ dúdú sí pupa ilẹ̀ kan náà tó wà lára tiwa. Àwọn ihò afẹ́fẹ́ tíntìntín wà nínú ìyẹ́ náà, bíi ti fọ́ọ̀mù, wọ́n kéré dé ibi tí ojú ò lè rí wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, búlúù inú rẹ̀ ni wọ́n ń dá padà sójú wa, mẹ́lánììnì ìsàlẹ̀ á gbé èyí tó kù mì. Tí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ẹ̀yìn, kò sí ohun tó ń dá padà, mẹ́lánììnì nìkan lẹ máa rí. Bí ẹ bá gún ìyẹ́ náà lódó kí ihò wọ̀nyẹn fọ́, aró náà parí nìyẹn.

Ibi tí mo ń lọ rèé: àlùkò yàtọ̀ pátápátá. Pupa tó wà lápá àlùkò, osùn gidi ni. Èròjà tó ní bàbà nínú ló wà nínú ìyẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ì báà gba ibikíbi wá, pupa ni. Nítorí náà, àlùkò losùn lóòótọ́. Blue Jay ò láró.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Mo ti ń gbìyànjú láti sùn láti aago mẹ́sàn-án.

Àdùkẹ́_Àtílántà:

Orúkọ Yorùbá rẹ̀ ti dé nìyẹn! Kannakánná aláró. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Rárá, Àdùkẹ́. Aláró ni ìyá tó bí mi. Ìtòkú ló ti pa àdìrẹ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ọrùn ọwọ́, ọṣẹ kan ò bọ́ ọ títí ó fi wọlé sùn. Ẹni tó láró tó sì ń pa á láṣọ là ń pè láláró. Ọlọ́sìn sì ti fi hàn wá pé ẹyẹ yìí ò láró, ojú wa ló ń tàn. Kannakánná *aláwọ̀* aró ni kó jẹ́. Ó ní àwọ̀ rẹ̀, kò ní aró.

Káyọ̀dé_Omaha:

Bàbá, kò ti gùn jù fún kádíbọ́ọ̀dù? Kí ló dé tí a ò kàn kọ "jéè"? A ní búrẹ́dì, a ní bọ́ọ̀sì, àwọn náà ò wá láti Ifẹ̀.

ỌmọÈkìtì_Lọ́ńdọ̀nù:

Káyọ̀dé sọ̀rọ̀ gidi. Tó bá sì jẹ́ ohùn ẹyẹ náà ló di orúkọ, jéè ni Yorùbá tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú igbó náà ì bá pè é. Àwọn Wales tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí ò ya Gaius lọ́wọ́ ẹnì kankan. "Sgrech y coed" ni wọ́n ń pe jay tiwọn, igbe inú igbó.

Kí n tó gbàgbé, tí ọmọ bá fẹ́ wá àwòrán lórí Google, kí ẹ jókòó tì í. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèjọba ní Íńdíà fi "blue jay" pe ẹyẹ mìíràn níbẹ̀ tí kì í ṣe jay rárá. "Indian roller" ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹyẹ náà rẹwà, ṣùgbọ́n kò ní ìyẹ́ ṣóńṣó lórí. Bí ẹ ò bá rí ìyẹ́ orí àti ìlẹ̀kẹ̀ dúdú ọrùn, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọlọ́sìnẸyẹ:

Ó tọ́. Ẹ fi kún un pé akọ àti abo ò yàtọ̀ sójú, kí ọmọ má lọ ya ìyàwó fún un ní àwọ̀ mìíràn.

BàbáÌbejì_Baltimore:

Tí ó bá fẹ́ rí i dáadáa kó tó parí àwòrán, ẹ̀pà ni kí ẹ lò. Ẹ̀pà inú èèpo, tí kò níyọ̀. Ẹ tò ó sórí ọgbà onígi lárọ̀, kí ẹ padà sẹ́yìn gíláàsì. Tèmi máa ń gbé ọ̀kan wò, á gbé e sílẹ̀, á gbé òmíràn, bí ìyá tó ń yan iṣu lọ́jà, títí á fi rí èyí tó wúwo. Á kó sí ọ̀fun, á lọ rì í mọ́lẹ̀. Àwọn onímọ̀ gbà pé bí wọ́n ṣe ń ri èso óákù mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbàgbé díẹ̀ níbẹ̀ ló jẹ́ kí igi óákù tàn ká ní kíákíá lẹ́yìn tí yìnyín àtijọ́ kúrò nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ẹ má sì sá tí ẹ bá gbọ́ igbe àṣá. Ó máa ń sín àṣá jẹ. Ní tèmi, bó bá ti fẹ́ jẹun, á ké bí àṣá lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ẹyẹ kéékèèké á fọ́n ká, òun á wá balẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi oúnjẹ.

Àdùkẹ́_Àtílántà:

Kannakánná pọ́ńbélé!

ÌyáDámọ́lá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ la wà yìí. A tò ẹ̀pà mẹ́wàá sórí ọgbà ní aago méje, èmi àti Dámọ́lá dúró sẹ́yìn fèrèsé. Méjì wá. Mo fetí sílẹ̀ bí bàbá olùkọ́ ṣe ní. Èmi gbọ́ "jéè! jéè!" kedere. Dámọ́lá ní "jìí" lòun gbọ́. Bàbá rẹ̀ ní ó dà bí irin ẹ̀rọ omi tí kò rí òróró, a sì gbọ́ ìyẹn náà, ó ń ṣe méjèèjì.

A ti dá ìyẹ́ padà sábẹ́ igi. Ó ya ìyẹ́ náà sórí kádíbọ́ọ̀dù ní ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀kan búlúù, ọ̀kan àwọ̀ igi gbígbẹ, ó ya fèrèsé sáàárín wọn. Ó ti kọ BLUE JAY sókè. Sísàlẹ̀ ló kọ "Yorùbá: jéè, kannakánná aláwọ̀ aró" sí. Ó kọ ọ́ láìsí àmì ohùn kankan, mo sì ń bá a fi sí i lọ́kọ̀ọ̀kan báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá olùkọ́, àmì wo ló wà lórí "aró"? Mi ò fẹ́ kó di "arọ".

Olùkọ́TóFẹ̀yìntì:

Lórí o, àmì òkè. Má fi àmì kankan sórí a, má sì fi nǹkan kan sábẹ́ o. Wò ó dáadáa kí gọ́ọ̀mù má bò ó.

Àdùkẹ́_Àtílántà:

Kó kọ ti igi ìdáná ọjọ́ Ẹtì náà síbẹ̀ o!

ÌyáDámọ́lá:

Àǹtí Àdùkẹ́, àyè ti tán lórí kádíbọ́ọ̀dù. Ó ní òun máa fi ẹnu sọ ọ́.